Lórí Òrùlé Ilé Onítáyà

Bí fóònù ṣe dún, mo ti mọ̀ pé ooru ló ń pè.
Tíṣà Fálẹ́yẹ ni, lọ́nà Ìṣẹ̀, lẹ́yìn oko kòkó,
níbi tí ó gbé ilé onítáyà rẹ̀ kalẹ̀ sí
nígbà tí òun àtàwọn àbúrò rẹ̀
gbé ara wọn dé kóòtù nítorí ilé bàbá wọn.
“Fúnlọ́lá, ẹ̀rọ orí òrùlé yìí ń mí o,
àmọ́ èémí ilé alágbẹ̀dẹ ló ń mí sí mi lára.”

Àwọn òyìnbó tó la títì ló ti sùn nínú ilé náà rí;
ní gbàǹjo ló ti rà á. Táyà rẹ̀ ti rì sínú iyẹ̀pẹ̀,
ẹ̀rọ amúlétutù sì jókòó lókè
bí fìlà tó kéré ju orí lọ.

Mo gun àkàbà. Páànù ń jó mi látinú sálúbàtà.
Lókè níbẹ̀ mo rí orí igi kòkó, mo rí èéfín
ẹni tó ń sun oko iṣu ọdún yìí.

Ẹ má sọ fún mi pé gáàsì ti tán.
Gbogbo ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò tutù, gáàsì ló ń pariwo,
bí ìgbà tí gbogbo àìsàn ń jẹ́ ibà.
Irú èyí, wọ́n ti dí gáàsì mọ́ ọn nínú láti ibi tí wọ́n ti ṣe é.
Ẹni tó bá ní òun bu gáàsì sí i,
owó yín ló bù.

Skúrù mẹ́rin. Ọ̀kan ti dógùn-ún,
mo ta òróró sí i, mo jókòó tì í.
Agbọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, wọ́n ti kó lọ.
Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọn eruku, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
nítorí àwọn irin pẹlẹbẹ yẹn, ewé le jù wọ́n lọ.

“Adétùlà, tan jẹnẹrétọ̀!”
Fáànù yí. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kùn, hùùù, ó dákẹ́.
Ó tún kùn. Ó tún dákẹ́.
Bí àgbàlagbà tó fẹ́ dìde lórí àga
tí orúnkún ní òun kò gbà.
Mo rẹ́rìn-ín. “Pa á.”

Kàpásítọ̀ ti wú bí agolo tòmátì tó bàjẹ́.
Má tíì fọwọ́ kàn án o, Adétùlà:
a ti pa iná, iná kò tíì kúrò nínú rẹ̀.
Ọ̀gá mi ní Adó fi ìka kan kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn;
mẹ́sàn-án tó kù ló fi kọ́ èmi.
Mo fi irin olórí rọ́bà so ẹnu rẹ̀ pọ̀: tá!
Mo wá fi tuntun sí i.

Síbẹ̀ kò lágbára. Mo gbé mítà sí i: àádọ́sàn-án,
níbi tó yẹ kó ka igba ó lé ogún.
Tíṣà ló gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́bàá odò
kí ariwo má baà dí ìwé kíkà rẹ̀ lọ́wọ́,
ó wá fi wáyà tó tín-ín-rín bí okùn bàtà fa iná wálé.
“Tíṣà, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ̀rọ yín.”
Ó bú sẹ́rìn-ín. A gbé e súnmọ́lé, a pààrọ̀ wáyà.

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omi ń kán láti etí òrùlé,
adìẹ kan kó ọmọ rẹ̀ wá mu níbẹ̀.
Tíṣà dúró lábẹ́ ihò atẹ́gùn, ó gbójú sókè.
“Ulé bàbá mi,” ló wí,
“yàrá méjìlá. Kò sí èyí tó tutù.”
N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn.
Mo ń ka skúrù mi.

Owó kò pé. Ó fi òdidì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lé e.
Lóru, fóònù tún dún. Kò sọ̀rọ̀.
Ó gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ kí n lè gbọ́ ọ:
fììì, láìdúró, láìkọsẹ̀.
Mo gbọ́ ọ títí owó ìpè rẹ̀ fi tán.
Ẹgbẹ̀rún méjì mi ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.